Killiniq: ilẹ̀ tí kò lólùgbé, ṣùgbọ́n tó lónílẹ̀

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí ni pé: “Àwòrán ilẹ̀ Kánádà pe Killiniq ní ilẹ̀ àwọn Inuit, ó sì tún ní kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Ta wá ló ni ín?”

Àwọn Inuit náà, ọmọ ìbílẹ̀ àríwá Kánádà, ló ni ín. Ẹ ṣáà ronú lórí ọ̀rọ̀ wa, ahoro. Ahoro ni ibi tí wọ́n ti ṣí kúrò. Kò túmọ̀ sí pé onílẹ̀ ti tán.

Erékùṣù kan ní ṣóńṣó àríwá Labrador, ní ìlà-oòrùn Kánádà, ni àwọn ará Killiniq ń gbé tẹ́lẹ̀. Ní 1978, ọkọ̀ òfurufú kó àwọn tó kù níbẹ̀ lọ sí abúlé àwọn Inuit mìíràn ní Nunavik, ní àríwá Quebec, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà. Ṣùgbọ́n kó tó dìgbà yẹn, ní oṣù Kọkànlá 1975, àwọn Cree (ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ mìíràn) àti Inuit ti bá ìjọba Quebec àti ti Kánádà tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, nígbà tí Quebec ń dí àwọn odò ńlá láti fi pèsè iná mànàmáná. Wọ́n pín ilẹ̀ sí oríṣi mẹ́ta. Oríṣi kìíní ni ti àwọn Inuit fúnra wọn, wọn kò sì lè tà á fún ẹnikẹ́ni àfi ìjọba. Ìpín àwọn ará Killiniq, tó wà ní ilẹ̀ Quebec, wà nínú oríṣi kìíní yìí. Ó dùn mí pé ohun àlùmọ́nì abẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ìjọba Quebec.

Nuna ni wọ́n ń pe ilẹ̀ ní èdè wọn. Òun ló wà nínú Nunavut, “ilẹ̀ wa”, orúkọ agbègbè àwọn Inuit ní àríwá Kánádà. Ìlò nuna kò sí nínú ilé kíkọ́ nìkan. Àgọ́ awọ ni wọ́n ń pa nígbà ooru, wọ́n á sì fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Bí wọ́n bá ń lọ, wọ́n á ká awọ, wọ́n á gbé e dání, wọ́n á fi òkúta sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbìrìkítí òkúta bẹ́ẹ̀ ló ṣì wà káàkiri ilẹ̀ Inuit, ewéko wẹ́wẹ́ ti so mọ́ wọn lára. Olùkànìyàn tó bá dé ibẹ̀ kò ní bá ẹnì kankan. Inuk (ẹnìkan nínú àwọn Inuit) tó bá dé ibẹ̀ mọ̀ pé àgọ́ ẹnìkan ló wà níbẹ̀ rí.