Ṣé ọ̀kan náà ni “gbó” àti “tọ́” nínú àdúrà àwọn àgbà?

Ìbéèrè náà ni pé, bí àwọn àgbà bá wúre pé “Ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́,” ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n ń pè lẹ́ẹ̀mejì kí ìwúre lè dùn létí?

Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí ni “gbó” ń sọ, ojú méjì ló sì ní: igi tó gbó ti le koko, aṣọ tó gbó kò ní pẹ́ ya. “Tọ́” ló ń yanjú iyèméjì yẹn, nítorí òun ló wà nínú “tọ́jọ́,” tí à ń sọ nípa ohun tí à ń lò tí kò tètè bàjẹ́.

Ara ọkùnrin tó ti dàgbà ni ìyàtọ̀ náà ti hàn jù. Ní 2008, àwọn olùwádìí kan ní Boston, ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí ọkùnrin 2,357, tí gbogbo wọn jẹ́ dókítà, tí wọ́n sì ti tó nǹkan bí ẹni ọdún 72 nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nínú 100 ọkùnrin ẹni 70 ọdún tí kì í mu sìgá, tí kò sanra jù, tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, tí ó sì ń ṣe eré ìdárayá lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, 54 ni yóò pé 90 ọdún. Nínú 100 tí kò ní ẹyọ kan ṣoṣo pàápàá nínú ohun rere márààrún yìí, 4 péré ni. (Dókítà ni wọ́n, ìtọ́jú kò jìnnà sí wọn, kò dájú pé iye náà yóò bá gbogbo ènìyàn mu gẹ́lẹ́.) Àgbà kò sì pẹ́ jù láti yí ìwà padà: nínú ìwádìí tí Richard Doll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí àwọn dókítà ọkùnrin ní Bìrìtéènì, láti 1951 dé 2001, sìgá ń gé nǹkan bí ọdún 10 kúrò nínú ẹ̀mí ẹni tí kò jáwọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó jáwọ́ ní ẹni 60 ọdún ṣì ń rí nǹkan bí 3 gbà padà.

Ti “gbó” nìyẹn. Ní ti “tọ́,” àwọn ará Boston náà rí i pé àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá déédéé lágbára láti ṣe nǹkan fúnra wọn lọ́jọ́ ogbó ju àwọn yòókù lọ, nígbà tí sìgá àti ìsanrajù ń dín agbára yẹn kù. Ẹni tó pé 90 ọdún lórí ibùsùn ti gbó. Ẹni tó pé 90 tó ṣì ń dá wẹ̀, tó ń dá rìn, ni ìwúre náà ń pè ní ẹni tó tọ́.