Bí iṣẹ́ bá dọ́gba, kí ló dé tí agbára kò dọ́gba?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Ọmọ mi tó wà ní JSS 2 sọ pé olùkọ́ àwọn ní bí ẹni méjì bá fa omi kan náà nínú kànga kan náà, iṣẹ́ wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n agbára wọn lè má dọ́gba. Mo bi í léèrè ìdí, kò lè sọ ọ́. Èmi náà kò sì rí i là. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ìyá akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, òótọ́ ni olùkọ́ sọ. Ohun tó jẹ́ kó rúni lójú ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, agbára, la sábà fi ń pe ohun mẹ́ta tí àwọn onífísíìsì yà sọ́tọ̀: ipá tí a fi ń fa nǹkan tàbí tí a fi ń tì í, okun tí a ń ná bí a ti ń ṣiṣẹ́, àti bí iṣẹ́ náà ṣe ń yá tó. Ẹ̀kẹta yìí ni ọmọ yín ń kọ́ lọ́wọ́. Ì bá wù mí kí àwọn olùkọ́ máa kọ́kọ́ ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ kí wọ́n tó kọ ìṣirò kankan sójú pátákó.

Ẹ jẹ́ ká padà sétí kànga. Ká ní omi jìn tó mítà 10, tí garawa sì gba lítà 10, ká má ka ìwúwo garawa àti okùn. Omi lítà 10 wúwo tó kílógíráàmù 10, ipá tí yóò sì gbé e sókè tó nǹkan bí níútìn 100 (níútìn ni òṣùwọ̀n ipá; kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí 10). Ẹ sọ 100 yìí di ìlọ́po 10, ìyẹn jíjìn kànga, ẹ óò rí júùlù 1,000 (júùlù ni òṣùwọ̀n iṣẹ́). Iṣẹ́ nìyẹn, ì báà jẹ́ ọ̀dọ́ ló fà á tàbí arúgbó. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n bá fà á dókè ní ìṣẹ́jú àáyá 10, tí àbúrò lo 20, ẹ pín 1,000 sí ọ̀nà 10, kí ẹ tún pín in sí ọ̀nà 20: ti ẹ̀gbọ́n jẹ́ wáàtì 100, ti àbúrò jẹ́ 50. Wáàtì kan ni iṣẹ́ júùlù kan tí a ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

James Watt, ará Scotland (1736–1819), la fi orúkọ rẹ̀ pe òṣùwọ̀n yìí. Ó fi ẹ̀rọ tí oru omi ń yí wé ẹṣin, kí oníbàárà lè mọ iye ẹṣin tí ẹ̀rọ kan lè rọ́pò. Ìdí nìyẹn tí a ṣì fi ń gbọ́ agbára ẹṣin kan lẹ́nu àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ìfami; wáàtì 746 ni.

Mítà iná tó wà lára ògiri yín ńkọ́? Okun tí ẹ ti ná ló ń kà, kì í ṣe bí ẹ ṣe yára ná an. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 yóò jẹ yúníìtì kan ní wákàtí kan. Gílóòbù oníwáàtì 10 yóò lo wákàtí 100 kó tó jẹ iye kan náà.

Bí ọmọ bá fẹ́ wọn ti ara rẹ̀, àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kó lò, nítorí etí kànga kì í ṣe ibi tí ọmọdé ń sáré sí. Ẹ fi téèpù wọn gíga àtẹ̀gùn náà, kí ẹ sì fi fóònù ka àkókò bó ṣe ń gùn ún. Ọmọ tó wúwo tó kílógíráàmù 40, tó gun mítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá 6, agbára rẹ̀ tó nǹkan bí wáàtì 200.