Ṣé fọ́tò lè fi hàn bóyá Silver Eagle mi, owó fàdákà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, jẹ́ MS69 tàbí MS70?

Rárá o, kò dájú. MS ni wọ́n fi ń pe owó tí wọn ò tíì ná rí. Lọ́dọ̀ NGC, ilé iṣẹ́ tó ń yẹ owó wò tó sì ń fún un ní máàkì, máàkì 70, tó ga jù, túmọ̀ sí pé wọ́n fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 5 wo owó náà, wọn ò sì rí àléébù kankan tó dé bá a lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán. 69 lè ní àmì kan péré, kó má ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Fóònù lásán kì í sábà gbé irú ẹ̀ jáde.

Ike tí wọ́n fi dì í náà tún máa ń tanni jẹ. Ìlà tẹ́ ẹ rí lára aṣọ obìnrin tó ń rìn lójú owó yẹn lè jẹ́ ti ike. Ẹ rọra mú un fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: bí ìlà bá ń sún kúrò lórí aṣọ náà, orí ike ló wà, bó bá dúró sójú kan, ara fàdákà ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà á, ẹ gbé kámẹ́rà sórí nǹkan tí ò ní mì, kó dojú kọ owó náà tààrà. Ẹ pa filáàṣì, kẹ́ ẹ gbé iná méjì sápá òkè, bíi aago 10 àti aago 2. Proof, ìyẹn èyí tí wọ́n dìídì tẹ̀ kó máa dán, ló ń yọni lẹ́nu jù, ojú ẹ̀ dà bíi dígí. Bí iná bá ṣe bọ́ sí i ló ṣe máa dúdú tàbí funfun.

Bí àmì funfun bíi wàrà bá yọ lára èyí tí kò sí nínú ike, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nù ún. Ìlà fínfín tí aṣọ ìnuǹkan ń fi sílẹ̀ burú ju àmì náà lọ.