Má dúró de òpin wàhálà kí o tó fi sìgá sílẹ̀

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ tọkàntọkàn. O ní bàbá rẹ ń ṣàìsàn nílé ní Mọdákẹ́kẹ́, oyún ìyàwó rẹ ti pé oṣù márùn-ún, owó ìsọ̀ rẹ ní Lágere sì ti tó san, o wá ń béèrè bóyá kí o fi sìgá sílẹ̀ báyìí tàbí kí o ní sùúrù títí ọkàn rẹ yóò fi balẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí o mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí àsìkò yìí, kí o sì jáwọ́ lọ́jọ́ náà, yálà ara bàbá ti yá tàbí kò tíì yá. Ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ, nítorí pé Iléṣà níbí ni mo ti fi sìgá sílẹ̀, nígbà tí ìyá mi wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn, tí ibi iṣẹ́ mi sì jẹ mí ní owó oṣù.

Ìtura tí sìgá ń fúnni ni ó máa ń jẹ́ kí a rò pé a kò lè ṣe aláìní in lásìkò ìṣòro. Bí ènìyàn bá fa èéfín náà sínú, níkótìnì inú rẹ̀, ìyẹn èròjà tábà tí ń sọ sìgá di bárakú, kì í lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí ogún kí ó tó dé ọpọlọ, ara á sì rọ olúwarẹ̀ wọ̀ọ̀. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lára. Láàárín nǹkan bí wákàtí méjì, ìdajì rẹ̀ á ti lọ, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè òmíràn: inú á máa bí ọ láìnídìí, ọwọ́ á máa wá nǹkan dì mú, ọkàn kò ní gbé ojú kan. Nígbà tí o bá tún fa ẹyọ kan, tí gbogbo èyí rọlẹ̀, ìwọ á gbà pé àìsàn bàbá ni sìgá bá ọ gbé fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ebi tí sìgá àkọ́kọ́ dá sílẹ̀ ni èkejì pa. Àwọn olùwádìí kan kó ìwádìí 26 jọ, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ ní ọdún 2014: àníyàn, ìrẹ̀wẹ̀sì àti másùnmáwo àwọn tí ó jáwọ́ dín kù ju ti àwọn tí kò jáwọ́ lọ. Bí ó ṣe rí lára tèmi náà nìyẹn. Ìyá mi ṣì wà lórí ibùsùn, ibi iṣẹ́ kò sì tíì san kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n mo lè jókòó tì í láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá fa omi sí i lára títí tí omi náà yóò fi kán tán, láìwá àwáwí láti jáde lọ sí ẹnu géètì.

Ohun tí ó le jù ni pé sìgá sún mọ́ wa jù. Lẹ́bàá ọjà Atákúnmọ́sà, ìsọ̀ pákó kan wà tí mo máa ń yà sí, níbi tí wọ́n ti ń ṣí pákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, tí wọ́n sì fi okùn so láítà mọ́ òpó kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ. Ẹni tí ó bá ra ẹyọ kan á tẹ orí ba, á tàn án, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Òfin tábà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 ka títa ẹyọ kọ̀ọ̀kan léèwọ̀, ó ní sìgá inú pákẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ dín ní 20, síbẹ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan náà ni à ń rà, èyí kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn mọ iye tí òun ń mu tàbí iye tí òun ń ná. Mo sọ fún ọmọkùnrin tí ń tà á pé kó má tà fún mi mọ́ bí mo tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó sì mú un ṣe, Ọlọ́run yóò bù kún un. Wá ẹni tí ìwọ náà máa sọ fún.

Ní ti ọjọ́ tí o máa mú, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sábà máa ń le jù, púpọ̀ nínú ìnira náà á sì ti rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Nítorí náà, má jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta yẹn bọ́ sí ìgbà tí onílé ń bọ̀ wá gba owó rẹ̀, tàbí ìgbà ìnáwó tí ọtí yóò ti máa ṣàn. Sísún un síwájú fún irú ìdí bẹ́ẹ̀ kò burú, bí o bá ti dárúkọ ọjọ́ mìíràn lójú ẹsẹ̀. Èyí tí n kò fara mọ́ ni “nígbà tí nǹkan bá rọ̀ mí lọ́rùn”, torí bí owó ìsọ̀ bá kúrò ńlẹ̀, owó ilé ìwé ọmọ ló kàn.

Ṣọ́ra fún obì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn níhìn-ín ló máa ń fi obì rọ́pò sìgá, ṣùgbọ́n káféènì wà nínú obì bí ó ti wà nínú kọfí. Èéfín sìgá a máa mú kí ẹ̀dọ̀ tètè lo káféènì tán, nítorí náà bí o bá ti jáwọ́, iye kan náà á pẹ́ lára rẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oorun á dá lójú rẹ, àyà á máa já, o sì lè rò pé àìsí sìgá ló fà á. Orín ni mo ń rún ní tèmi. Bí ó bá sì jẹ́ pé o ń lo oògùn kan tí dókítà kọ fún àárẹ̀ ọpọlọ, sọ fún dókítà kí ọjọ́ náà tó pé, nítorí pé bí oògùn mìíràn ṣe ń ṣiṣẹ́ lára lè yí padà bí èéfín bá ti dáwọ́ dúró. Béèrè ṣingọ́ọ̀mù oníníkótìnì lọ́wọ́ apoògùn pẹ̀lú, ó ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́.

Oyún ìyàwó rẹ gan-an ló jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Èéfín tí aboyún ń fà símú nínú ilé lè jẹ́ kí ọmọ kéré ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí wọ́n bá bí i. Sọ ọjọ́ tí o bá mú fún un lálẹ́ òní, kí o sì jẹ́ kó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ojú rẹ le fún ọjọ́ díẹ̀, kó má baà rò pé òun ló ṣẹ̀ ọ́.