Ìbéèrè Ìtají: Kí Ni Ìṣẹ́jú Márùn-ún Lè Ṣe Nínú Kíláàsì Físíìsì àti Kẹ́mísírì?

Láti ìgbà tí a ti mẹ́nu ba ìbéèrè kékeré tí àwọn olùkọ́ kan máa ń gbé síwájú àwọn ọmọ kí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà kò yéé wọlé. Ìbéèrè ìtají ni a ń pè é nínú abala yìí. Mẹ́fà nínú àwọn lẹ́tà náà nìyí, a sì ti gé àwọn tó gùn jù kúrú.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní Òṣogbo. Ọmọ 68 ló wà ní kíláàsì mi, ogójì ìṣẹ́jú sì ni píríọ́ọ̀dù kan. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ wa ti pàṣẹ pé kí gbogbo wa máa fi ìbéèrè ìtají bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Kí n tó kọ ìbéèrè tán, kí wọ́n tó dà á kọ, kí n tó yẹ ìwé wọn wò, ìdajì àsìkò ti lọ. Ṣé kì í ṣe pé à ń fi àkókò ṣòfò báyìí? — Olùkọ́, Òṣogbo

Bí ìbéèrè ìtají bá ń gba ogún ìṣẹ́jú lọ́wọ́ yín, òfò ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí àkókò náà ń gbà lọ. Ẹ ń kọ̀wé, àwọn ọmọ ń wò yín; wọ́n ń da ìbéèrè kọ, ẹ̀yin náà ń wò wọ́n; lẹ́yìn náà ẹ wá ń ṣí ìwé 68 lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó pọn dandan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ kọ ìbéèrè náà sára páálí láti ilé, kí ẹ gbé e kọ́ kí ọmọ àkọ́kọ́ tó wọlé. Ìdáhùn nìkan ni kí wọ́n kọ, ẹ má sì gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ìṣẹ́jú méjì fún àlàyé, ó parí. Àwọn ọmọ yín ti ń lo ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn tẹ́lẹ̀ láti wá bíírò, láti wọ́ àga, àti láti parí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níta.

Ohun tó sì mú kí ó tọ́ ni pé rírántí nǹkan fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 2006, Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà láti kà. Wọ́n ní kí àwọn kan tún un kà, kí àwọn mìíràn pa ìwé dé, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ ti yí padà, àwọn tó fipá rántí ló wá ń léwájú. Nítorí náà, ẹ má ṣe máa bi wọ́n nípa ẹ̀kọ́ àná nìkan. Ẹ fa ọ̀kan jáde láti inú ẹ̀kọ́ oṣù tó kọjá, pàápàá èyí tí ẹ̀kọ́ òní yóò gùn lé: kí ẹ tó kọ́ wọn ní agbára ìgbé-nǹkan-yípo (moment), ẹ béèrè ìdí tí a fi ń di ìpẹ̀kun ọwọ́ sípánà mú tí nọ́ọ̀tì bá le.

Olóòtú, ìbéèrè tí mo ń béèrè kò jí ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ní, “Kí ni ìtumọ̀ velocity?”, gbogbo wọn á kà á jáde bí ẹni ń kọrin. Ṣùgbọ́n bí ìdánwò bá dé, ó dà bí ẹni pé a kò kọ́ wọn rí. Irú ìbéèrè wo ni ẹ fẹ́ kí n máa béèrè? — Olùkọ́ Físíìsì, Ìbàdàn

Ìbéèrè “kí ni ìtumọ̀” kì í jí ènìyàn, oorun ló ń fà, nítorí pé ẹni tí nǹkan náà kò yé rárá lè dá a lóhùn. Ẹ gbìyànjú èyí. Ẹ mú ọsàn kan wọ kíláàsì, ẹ jù ú sókè tààrà, ẹ hán an, ẹ tún jù ú. Lẹ́yìn náà ẹ bi wọ́n pé: nígbà tí ọsàn yìí dé òkè pátápátá, tí kò lọ mọ́ tí kò sì tíì máa bọ̀, agbára wo ló ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, tí a bá yọ ti afẹ́fẹ́ kúrò? Ìdáhùn kìíní: kò sí agbára kankan, nítorí pé ó dúró. Èkejì: agbára ọwọ́ tó jù ú àti òòfà ilẹ̀ ti dọ́gba. Ẹ̀kẹta: òòfà ilẹ̀ nìkan ni, bó sì ṣe ń fà á láti ìgbà tó ti kúrò lọ́wọ́ náà nìyẹn. Kí olúkúlùkù gbé ìka kan, méjì tàbí mẹ́ta lé àyà, kí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ má baà rí i wò.

Ẹ̀kẹta ló tọ́, ṣùgbọ́n ìka méjì ni ẹ máa rí jù. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Philoponus ní Alẹkisáńdíríà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà, àti Jean Buridan ní Paris ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá, rò pé ọwọ́ tó ju nǹkan ti fi ipá kan pamọ́ sínú rẹ̀, ipá náà ló sì ń gbé e lọ. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé rò fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ọmọ SS1 kò ní ṣàì rò ó. Ohun tó wà nínú orí ọmọ náà ni ìbéèrè ìtají ń fà jáde, kí ẹ̀yin olùkọ́ lè mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá bi í, fọ́múlà yóò kàn jókòó lórí èrò àtijọ́ náà bí aṣọ tuntun tí a wọ̀ lé èyí tó dọ̀tí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí nọ́ńbà tó wọlé. Bí ọsàn náà bá kúrò lọ́wọ́ yín pẹ̀lú eré mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a bá sì mú un pé òòfà ilẹ̀ ń dín eré náà kù ní mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá kan ni yóò fi dé òkè, mítà 5 ni yóò sì gùn. Eré rẹ̀ ti di òdo níbẹ̀, ṣùgbọ́n eré náà ṣì ń yí padà. Bí kò bá yí padà mọ́, ọsàn náà ì bá dúró sójú òfúrufú títí ọjà alẹ́ yóò fi tú. Ẹ sọ gbólóhùn yìí fún wọn, kí ẹ sì wo ojú àwọn tó gbé ìka kìíní.

Ohun méjì kù. Èkíní, ẹ má tètè sọ ìdáhùn. Eric Mazur, olùkọ́ Físíìsì ní Yunifásítì Harvard, rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun mọ ìṣirò ṣe dáadáa ṣùgbọ́n wọ́n ń kọsẹ̀ níbi irú ìbéèrè ọsàn yìí. Láti ọdún 1991 ló ti ń jẹ́ kí wọ́n dìbò, kí wọ́n bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn jiyàn, kí wọ́n sì tún ìbò dì. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mọ ibi tí ó ti dojú rú fún ẹnì kejì rẹ̀ ju olùkọ́ lọ. Èkejì, ẹ ní sùúrù. Mary Budd Rowe, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, ti fi hàn pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń dúró lẹ́yìn ìbéèrè kí wọ́n tó pe ẹlòmíràn tàbí kí wọ́n dá ara wọn lóhùn, àti pé bí wọ́n bá fi í di mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn àwọn ọmọ máa ń gùn sí i, àwọn tó ń dákẹ́ tẹ́lẹ̀ á sì máa sọ̀rọ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ wa kò ní yàrá ìdánwò Kẹ́mísírì, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní litmus tàbí ásíìdì kankan. Àwọn ìbéèrè ìtají tí mo rí nínú ìwé, ohun èlò ni wọ́n máa ń béèrè. Kí ni kí n ṣe? — Olùkọ́ Kẹ́mísírì, Ìsẹ́yìn

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara ọ̀rá pure water tó wà lórí tábìlì yín. Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé omi yìí mọ́ gaara gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ Kẹ́mísírì ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà? Rárá, nítorí pé iyọ̀ ilẹ̀ oríṣiríṣi ṣì yọ́ sínú rẹ̀. Àdàlù ni, bó tilẹ̀ dára fún mímu. Ìbéèrè ọjọ́ kejì: móólù omi mélòó ló wà nínú rẹ̀? Ọ̀rá tó gba 50 cl ní omi tó tó gíráàmù 500, móólù omi kan sì jẹ́ gíráàmù 18, nítorí náà ó súnmọ́ móólù 27.8. Ìbéèrè ọjọ́ kẹta ni kí wọ́n fi 6.02 × 10²³, iye mólékù tó wà nínú móólù kan, sọ ọ́ di mólékù. Ọmọ tó ti rò pé móólù jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan á wá mọ̀ pé òun ti mu ún tán kí òun tó wọlé.

Ní ti litmus, tó ń fi àwọ̀ sọ bóyá nǹkan jẹ́ ásíìdì tàbí òdìkejì rẹ̀, ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe zobo á ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná láti ilé, kí ẹ bù ú sínú ife mẹ́ta. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ọ̀kan, yóò pupa sí i. Ẹ da omi eérú tí a sẹ́ sínú èkejì, irú èyí tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà sí ti ewé tàbí ti aró. Ẹ fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ fún ìfiwéra. Kí ẹ tó da ohunkóhun sí i ni kí wọ́n ti kọ ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀, torí ẹni tí kò bá ti sọ tẹ́lẹ̀ á kàn wò ó bí eré ni. Eérú odi ẹyìn tàbí ti èèpo kòkó ni àwọn ìyá wa ń lò, potassium carbonate ló sì pọ̀ nínú omi tó ń jáde níbẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má fi ọwọ́ tó kàn án kan ojú, torí ó ń ta ni.

Bí ẹ bá dé ibi tí a ti ń mú ìṣirò kẹ́míkà dọ́gba, ẹ fi jẹnẹrétọ̀ ṣe é. Ẹ jẹ́ kí octane, C₈H₁₈, dúró fún epo bẹntiróòlù. Mólékù rẹ̀ méjì nílò mólékù ọ́síjìn 25 kí wọ́n tó lè jó tán di carbon dioxide àti omi. Ẹ wá bi wọ́n pé: bí ó bá jẹ́ 17 péré ló rí, ńkọ́? Wọ́n á rí i pé carbon monoxide 16 ló máa jáde pẹ̀lú omi 18, gáàsì tí kò ní òórùn, tó sì ń pa àwọn tó gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé ti ilẹ̀kùn. Ìyàtọ̀ láàárín 25 àti 17 á yé wọn títí láé.

Olùkọ́ ọmọ mi ń fi máàkì sí ìbéèrè òwúrọ̀ yìí, ó sì ń kà á mọ́ máàkì ìdánwò. Ọmọ náà ti ń bẹ̀rù Físíìsì. Ṣé bó ṣe yẹ nìyí? — Òbí, Èkó

Bẹ́ẹ̀ kọ́, Mà. Bí máàkì bá ti wọ̀ ọ́, ọmọ á jí wò, a kò sì ní mọ ohun tó rò gan-an, bẹ́ẹ̀ ìyẹn nìkan ni a ń wá. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá olùkọ́ náà sọ ọ́. Bó bá fẹ́ fi máàkì sí nǹkan kan, kí ó fi sí pé ọmọ kọ nǹkan sílẹ̀, kí ó má wo bóyá ó gbà á tàbí kò gbà á.

Ní Kétu níbí, Físíìsì àti Kẹ́mísírì jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo, èdè Faransé ni a sì fi ń ṣe ìdánwò. Àwọn ọmọ á dákẹ́ bí mo bá fi Faransé béèrè, ṣùgbọ́n bí mo bá fi Yorùbá béèrè, ariwo á ta. Ṣé kò ní pa wọ́n lára lọ́jọ́ ìdánwò? — Olùkọ́, Kétu, Benin

Ariwo yẹn gan-an ni à ń wá. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko láti 1970, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ girama yàtọ̀ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí tó fi ṣiṣẹ́ kò yàtọ̀: ènìyàn kì í lè jiyàn dáadáa ní èdè tó ń wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ wa “agbára” ló ń dúró fún ohun mẹ́ta tí Físíìsì yà sọ́tọ̀: force, énergie (energy) àti puissance (power). Bí ẹ bá wí pé “agbára ọsàn náà ti tán lókè”, ọmọ kan lè gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí force, òmíràn á gbọ́ ọ bí énergie, àwọn méjèèjì á sì jiyàn títí láìmọ̀ pé ohun kan náà kọ́ ni wọ́n ń sọ. Nítorí náà, ẹ fi Yorùbá jiyàn, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn máa wà ní Faransé lẹ́nu yín nígbà gbogbo. Kódà ẹ lè sọ ọ́ di ìbéèrè ìtají: “Alábàárù gbé àpò sìmẹ́ńtì sórí, ó dúró sójú kan fún wákàtí kan. Èwo nínú àwọn mẹ́ta yìí ló ń lò lórí àpò náà, èwo ni kò fún un?” Òógùn tó ń bọ́ lára alábàárù náà á dá ìjà sílẹ̀ ní kíláàsì yín.

Ọmọ kan bi mí pé kí ló dé tí omi inú àmù fi máa ń tutù ju ti ìgbà òjò lọ nígbà ọyẹ́. N kò mọ̀ ọ́n, mo sì ní kó jókòó. Láti ìgbà yẹn ni ojú ti ń tì mí. — Olùkọ́ tuntun, Adó-Èkìtì

Ẹ padà lọ sí kíláàsì náà, kí ẹ kọ ìbéèrè ọmọ yẹn sára bọ́ọ̀dù gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè ìtají, kí ẹ sì sọ pé òun ló ni ín. Omi máa ń gba inú àwọn ihò kéékèèké ara amọ̀ yọ síta, ó ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, ooru tó nílò láti di gáàsì ló sì ń gbà lára omi tó ṣẹ́kù. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ táútáú, ó sì ń gba omi kíákíá. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ ti kún fún omi tẹ́lẹ̀, kò rí ààyè gba púpọ̀ mọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, kí ẹ tó ṣàlàyé, bóyá ike lè ṣe iṣẹ́ kan náà.