Ta Ni Yóò Bá Mi Tọ́jú Wọn Bí Mo Bá Kú?

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 69 ni mí, èmi nìkan ni mo sì ń gbé. Mo ní ajá ọlọ́dún 4, ológbò ọlọ́dún 11 tó ní àtọ̀gbẹ, àti odídẹrẹ́ kan tó ti pé ọdún 15. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n má dààmú, òun á bójú tó wọn, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ràn ẹranko. Mo fẹ́ kọ wọ́n sínú wíìlì mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni mò ń sọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá mi, kò sí òmùgọ̀ kankan nínú ohun tí ẹ sọ. Ẹ̀dá mẹ́ta ló gbójú lé yín fún oúnjẹ, fún oògùn, fún ilẹ̀kùn tí wọn ò lè fọwọ́ ara wọn ṣí. Ó tọ́ kí ẹ ro tiwọn nígbà tí ara yín ṣì le.

Wíìlì tí ẹ mẹ́nu bà dára, ẹ ṣe é, àmọ́ òun kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Wíìlì máa ń pẹ́. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó ṣí i, ó sì lè tó oṣù púpọ̀ kí ilé ẹjọ́ tó fọwọ́ sí i. Báńkì náà sábà máa ń ti àkáǹtì olóògbé pa títí ìwé yóò fi pé. Ní gbogbo àkókò yẹn, ológbò yín ń retí abẹ́rẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun mìíràn tún ni pé wíìlì kì í ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ṣì wà láàyè. Bí ẹ bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn tí ẹ kò lè sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tí yóò ṣí i wò.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣètò ná. Ẹ wá ẹnì kan tó ń gbé nítòsí, tí ajá yín mọ̀ dáadáa débi tí kò ní bù ú jẹ bó bá wọlé tí ẹ kò sí níbẹ̀. Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ báyìí. Ẹ fi owó oúnjẹ àti oògùn oṣù mẹ́ta sí i lọ́wọ́, torí ọ̀rọ̀ báńkì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi káàdì kékeré sínú pọ́ọ̀sì yín, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ajá, ológbò àti ẹyẹ wà nílé yín, pẹ̀lú nọ́ḿbà ẹni méjì tí wọ́n lè pè. Ẹ lẹ irú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹ má fi fóònù nìkan ṣe é, torí ẹni tó bá rí i lè má lè ṣí i. Níwọ̀n bí ẹ ti ń dá gbé, kí ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ fún ní kọ́kọ́rọ́ jọ ṣàdéhùn pé ẹ ó máa kí ara yín láràárọ̀. Bí ẹni náà kò bá gbúròó yín títí aago 10, kí ó wá kan ilẹ̀kùn.

Ti ológbò ló lè tètè bàjẹ́ jù. Ẹ má kàn kọ “láàárọ̀ àti lálẹ́” sílẹ̀ fún ẹni tí yóò gún un. Ẹ kọ aago tí dókítà fi lé yín lọ́wọ́, irú bí 7 àárọ̀ àti 7 alẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ. Insulin, ìyẹn oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń gún fún un, pé oríṣi: wọ́n kọ U-40 sí òmíràn lára (yúníìtì 40 nínú mílílítà kan), wọ́n kọ U-100 sí òmíràn (yúníìtì 100 nínú mílílítà kan), sìríǹjì kálukú sì yàtọ̀. Bí ẹnì kan bá fi sìríǹjì U-40 fa insulin U-100 dé àmì 2, yúníìtì 5 ló gún fún ológbò yẹn. Ṣúgà ara rẹ̀ á já wálẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé e, gìrì sì lè mú un. Nítorí náà, ẹ ya fọ́tò ìgò oògùn, ti sìríǹjì, àti ti ibi tí oògùn gbọ́dọ̀ dé. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú pé inú fíríìjì ni insulin ń gbé, kì í ṣe inú fírísà. Bí ológbò kò bá jẹun, kí wọ́n pe dókítà ẹranko kí wọ́n tó gún un. Bí wọ́n bá gbàgbé abẹ́rẹ́ kan, wọn kò gbọ́dọ̀ fi ìlọ́po méjì dí i. Bó bá ń gbọ̀n tàbí tó ń ṣubú, kí wọ́n fi oyin pa èrìgì rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ológbò tí kò rí olówó rẹ̀ mọ́ sábà máa ń sá pamọ́, kì í sì í fẹ́ jẹun. Bó bá tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí kò jẹun, pàápàá bó bá sanra, ọ̀rá lè kún inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹn sì ń pa ológbò. Oúnjẹ tó mọ̀ gan-an ni kí wọ́n máa fún un, kí wọ́n sì tẹ́ aṣọ yín kan tí wọn kò tíì fọ̀ fún un sùn.

Ẹ wá wo ti odídẹrẹ́. Ẹyẹ yìí lè lo 40 sí 60 ọdún bí ìtọ́jú bá péye. Èyí fi hàn pé tiyín ṣì lè ní ọgbọ̀n ọdún níwájú, ọmọ yín alára á sì ti di àgbà. Orúkọ ẹnì kan kò lè tó fún un. Ẹ nílò mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn kéré lọ́jọ́ orí. Kí ẹni náà ti máa wá bá a ṣeré láti ìsinsìnyí, torí odídẹrẹ́ tí ìdánìkanwà bá bá lójijì lè máa tu ìyẹ́ ara rẹ̀. Kí ó mọ̀ pé píà (avocado) jẹ́ májèlé fún un, àti pé oru tó ń jáde lára páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, bó bá gbóná jù, lè pa ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ajá kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ìwọ̀n oúnjẹ rẹ̀, ohun tó ń bà á lẹ́rù àti ìwà rẹ̀ sí ọmọdé tó. Bó bá ní microchip, ìyẹn ohun ìdánimọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ẹranko, ẹ fi nọ́ḿbà ẹlòmíràn kún tiyín níbi tí ẹ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti ọmọ yín, mo gbà pé ìfẹ́ ló mú un sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni kí ẹ bi, lójúkojú, láìfi agbára ìyá ọkọ ṣe é. Bó bá ní rárá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, torí ó ti gba àwọn ẹranko yín lọ́wọ́ ilé tí wọn ò ti ní fẹ́ wọn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n gbà wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì ná, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ológbò àti gbogbo rẹ̀. Kò sì pọn dandan kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ilé kan náà.

Nígbà náà ni kí ẹ wá lọ bá lọ́yà. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, dúkìá ni òfin ka ẹranko sí, kò sì lè jogún owó. Ènìyàn lẹ ó fi ẹranko sílẹ̀ fún, pẹ̀lú owó ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ kọ “gbogbo ẹranko tí mo bá ní lọ́jọ́ ikú mi”, torí àwọn tí ẹ ní lónìí lè yí padà. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé wọ́n lè ná owó náà sí nǹkan mìíràn, ẹ bi lọ́yà bóyá òfin ibẹ̀ gbà kí ẹnì kan di owó mú kí ẹlòmíràn sì máa tọ́jú ẹranko. Ẹ má sọ ọ́ di ogún alágbàtọ́ pé òun ni yóò kó èyí tó bá ṣẹ́kù nígbà tí ẹranko bá kú. Ẹ fi ìyẹn fún ẹlòmíràn.

Láti mọ iye rẹ̀, ẹ ṣírò oúnjẹ, oògùn àti dókítà ọdún kan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po iye ọdún tó ṣeé ṣe kó kù, kí ẹ sì fi owó àìsàn kún un. Ẹ má jẹ́ kó pọ̀ kọjá ààlà, torí èyí ló máa ń gbé ẹjọ́ dìde. Leona Helmsley, olówó kan ní Amẹ́ríkà tó kú ní ọdún 2007, fi mílíọ̀nù 12 dọ́là sílẹ̀ fún ajá rẹ̀. Adájọ́ gé e sí mílíọ̀nù 2.

Bó bá ṣẹlẹ̀ pé kò sẹ́ni tó gbà, àwọn ilé ìtọ́jú ẹranko kan máa ń gba ẹranko tí olóògbé fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ wà láàyè. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba ológbò tó ń gba abẹ́rẹ́, bóyá wọ́n mọ ìtọ́jú odídẹrẹ́, àti ohun tí wọ́n ń ṣe sí ẹranko tí kò sẹ́ni tó wá mú un. Kí wọ́n fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí yín ní kíkọ, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́ aládùúgbò tó ní kọ́kọ́rọ́.