Ó Gba 271 Ní JAMB, Wọn Ò Gbà Á: Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Yín Lórí Ètò Ẹ̀kọ́

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 4 ní oṣù kìíní. Iléèwé rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ sí Primary 1 ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n ní láti Primary 5 ni yóò ti bọ́ sí JSS1, kò ní ṣe Primary 6 rárá. Ṣé kí n gbà fún wọn? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ má gbà, ìyá wa. Ẹ jẹ́ ká kà á ní oókan. Bó bá wọ Primary 1 ní ọdún 4 àti oṣù 8, tó lo ọdún 5 níbẹ̀, tó tún lo ọdún 6 ní girama, kò ní tíì ju ọmọ ọdún 15 àti ààbọ̀ lọ nígbà tó bá kọ WAEC tán. Ẹni ọdún 16 ni yunifásítì ń gbà. Àyè díẹ̀ wà fún ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ta yọ gan-an, àmọ́ ojú abẹ́rẹ́ ni. Ọdún tí iléèwé ní kẹ́ ẹ fò yẹn, ilé ni ọmọ yóò padà jókòó lò ó.

Bí ìlànà ìjọba ṣe là á kalẹ̀ nìyí, 1-6-3-3-4: ọdún 1 ní jẹ́lé-ó-sinmi fún ọmọ ọdún 5, ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 3 ní JSS, 3 ní SS, 4 ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. (4 ìparí yẹn kì í ṣe ti gbogbo ẹ̀kọ́: Òfin àti ìmọ̀ ẹ̀rọ gba ọdún 5, ìṣègùn gba 6.) Láti Primary 1 dé JSS3 ni òfin ọdún 2004 sọ di dandan àti ọ̀fẹ́. Òbí tó bá kọ̀ tí kò rán ọmọ lọ, ìkìlọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa fún un. Lẹ́ẹ̀kejì, owó ìtanràn N2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. N2,000 kò ra bàtà iléèwé mọ́, ẹ̀wọ̀n yẹn ló ṣì lè ba èèyàn lẹ́rù.

Ẹnì kan sì lè gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ fi ọdún kún ọjọ́ orí ọmọ. Ẹ má ṣe é o. Inú NIN ni JAMB ti ń mú ọjọ́ ìbí. Àtúnṣe ọjọ́ ìbí lórí NIN wọ́n ju ti orúkọ tàbí àdírẹ́sì lọ, ó sì ń béèrè ìwé láti ọ̀dọ̀ National Population Commission.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ọmọ mi ń fi Yorùbá ṣàlàyé Ìṣirò fún wọn ní Primary 2. Ṣé kò ní fa Gẹ̀ẹ́sì ọmọ sẹ́yìn? (Bàbá kan, Òndó)

Ìdáhùn: Wọ́n ti dán an wò nílẹ̀ wa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún odindi ọdún 6, tí Gẹ̀ẹ́sì wá jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ náà máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Ọmọ mi gba 271 ní JAMB, Òfin ló fẹ́ kà. Sáyẹ́ǹsì ló ṣe ní girama, ẹ̀yìn WAEC ló yí ọkàn padà. Ó ní kírẹ́díìtì mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Ẹkonọ́míìsì àti Yorùbá wà níbẹ̀. Wọn ò gbà á, ẹni tó gba 240 sì wọlé. Ṣé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà ni? (Òǹkàwé kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìdáhùn: Ẹnu ọ̀nà iwájú náà ni, sà. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Òfin ń béèrè, ni ẹni yẹn ní tí ọmọ yín kò ní.

JAMB kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, 40 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ 3 yòókù: 180 fún wákàtí 2, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá 40 lọ. Ẹni tó gba 271 nínú 400 mọ̀wé. Ọ̀pọ̀ yunifásítì á pín máàkì náà sí ọ̀nà 8, 271 á di 33.9 nínú 50, wọ́n á wá fi post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe, kún un, àwọn mìíràn á fi WAEC náà kún un. Ṣùgbọ́n kí ìṣirò yìí tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti yọ orúkọ ẹni tí kò ní iṣẹ́ tí ẹ̀kọ́ náà ń béèrè. Ẹ rántí pé C6 ni kírẹ́díìtì ti ń bẹ̀rẹ̀. D7 kì í ṣe òdo, àmọ́ kò ní gbé ọmọ wọ yunifásítì.

SS1 ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́, nígbà tí wọ́n pín kíláàsì sí sáyẹ́ǹsì, áàtì àti kọmáàsì. Ọ̀pọ̀ iléèwé máàkì JSS3 ni wọ́n ń wò: ọmọ tó bá mọ̀wé, ó di sáyẹ́ǹsì, wọn ò tilẹ̀ bi í ohun tó fẹ́ dà. Àwa ò fara mọ́ ọn. Ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB tó to iṣẹ́ tí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. JSS3 ló yẹ kí òbí àti ọmọ ti jọ kà á.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Kó kọ Lítíréṣọ̀ nínú WAEC ti aládàáni tàbí NECO ìparí ọdún, kó fi Gọ́fínmẹ̀ntì tì í. Wọ́n ń gba àpapọ̀ èsì ìdánwò ẹ̀ẹ̀méjì, ṣùgbọ́n àwọn yunifásítì kan kì í gbà á fún Òfin, ẹ kọ́kọ́ wádìí. Yóò tún JAMB kọ, nítorí ọdún kan péré ni èsì rẹ̀ ń lò. Kó yí sí sáyẹ́ǹsì lọ́dún yìí ńkọ́? Kò lè ṣeé ṣe bó bá jẹ́ iṣẹ́ áàtì ló kọ ní JAMB.

Nígbà tí èsì bá jáde, kó lọ gbé e sórí ìkànnì JAMB. Ẹni tó fi «mò ń retí èsì» forúkọ sílẹ̀ sábà máa ń gbàgbé èyí, yunifásítì á sì rí i bí ẹni tí kò ní WAEC. Bí wọ́n bá sì fún un ní àyè, kó tẹ «Accept» lórí CAPS, ètò ìgbàwọlé orí ìkànnì JAMB, kí gbèdéke tó kọjá.

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 22 ni mí, mo ní ND (ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ti polí) nínú Accountancy, Lower Credit. Ṣé HND (ìpele kejì ti polí) ni kí n ṣe àbí yunifásítì? (Akẹ́kọ̀ọ́jáde polí, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Ní ti ọdún, ọgbọọgba ni wọ́n. HND: ọdún 1 níbi iṣẹ́, lẹ́yìn náà ọdún 2 ní kíláàsì. Yunifásítì: Direct Entry, ọ̀nà ìwọlé fún ẹni tó ti ní ìwé ẹ̀rí bíi ND, á gbé ọ sí 200 level (ọdún kejì), ó ku ọdún 3. Méjèèjì ń sin ilẹ̀ baba bí àgùnbánirọ̀, bí o bá parí kí o tó lé ní ọdún 30.

Lower Credit rẹ ni kí o kọ́kọ́ rò, nítorí Upper Credit ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè. Wá èyí tó ń gba Lower kí o tó ra fọ́ọ̀mù, o kò sì lè ra ti Direct Entry àti ti UTME (ìdánwò JAMB) lọ́dún kan náà. Kírẹ́díìtì márùn-ún ti girama kò kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, tètè béèrè transcript, àkọsílẹ̀ gbogbo máàkì rẹ ní polí. Polí rẹ fúnra rẹ̀ ló máa fi ránṣẹ́ sí yunifásítì. Ẹ̀dà tí wọ́n bá fi lé ọ lọ́wọ́, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ.